Fèrè Tí Mo Ní Ó Ti Kú

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí ẹ bá ní aládùúgbò kan tó máa ń bá yín gbé ọmọ láì gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ lọ kí i ná. Ọ̀rọ̀ tèmi ò ní sá lọ. Bí ẹ bá padà dé, ẹ wá kà á.

Dùnsìn ni mí. Niger Street ni mò ń gbé ní Sabon Gari, ní Kánò níhìn-ín, nínú yàrá kan ṣoṣo, èmi àti Ògo ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòó. Akínṣọlá ọkọ mi ti bá iṣẹ́ lọ sí Port Harcourt láti ìgbà tí ọmọ yìí ti wà nínú mi. Ó máa ń pè. Á ní, "Ṣé kò sí wàhálà?" Èmi náà á ní kò sí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa máa ń parí sí.

Ẹ̀rù máa ń bà mí, kí n má parọ́. Bí ọmọ bá pẹ́ lójú oorun, màá lọ fọwọ́ kan àyà rẹ̀ bóyá ó ṣì ń mí. Bí mo bá jáde nílé, màá padà láti ìdajì ọ̀nà kí n lọ wò ó bóyá mo pa sítóòfù. Kò sí ẹbí mi kankan nílùú yìí.

Ibi méjì péré ni ẹ̀rù náà kì í bá mi dé. Àkọ́kọ́ ni ẹgbẹ́ afọnfèrè ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa. Kíláàsì àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ ni Tísà Matilda ti kọ́ mi ní ìwé kíkà. Ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka orin lórí ìlà, tí mo sì kọ́ kilarinẹ́ẹ̀tì, fèrè dúdú gígùn yẹn tí ohùn rẹ̀ máa ń dà bíi ti ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì.

Ibi kejì ni ẹnu ọ̀nà Màmá Salome.

Yàrá rẹ̀ ló kọjú sí tèmi. Opó ni. Salome ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà nílé ọkọ ní Gboko, kì í sábà pè é. Àkàrà tí gbogbo Kánò ń pè ní kósáí ni Màmá máa ń dín lẹ́nu géètì, Ògo á sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọmọ bá ń ké, Màmá á máa kùn orin kan lábẹ́ ètè, orin kúkúrú kan tó ń gòkè díẹ̀, tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọmọ á dákẹ́.

"Màmá, orin wo tiẹ̀ nìyẹn?"

"Orin ilẹ̀kùn ni," ó ní. "Ọkọ mi ń fọn fèrè ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ibo Road nígbà ayé rẹ̀. Àfẹ̀mọ́jú ló máa ń wọlé. Kì í kan ilẹ̀kùn o. Á dúró síta, á fọn ìyẹn, èmi á sì dìde lọ ṣí i."

"Àwọn aládùúgbò ò bú u?"

"Wọ́n bú u dáadáa! Baálé ilé ẹ̀yìn á ní, 'Haba, mai algaita! Afọnfèrè! Jẹ́ ká sùn!'" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ da ẹ̀wà rẹ̀ nù.

Mo fẹ́ kí ẹ rántí ẹ̀rín yẹn.

Kilarinẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀ṣì wa, ike ni, èmi àti George la jọ ń lò ó. Ọjọ́ kan ló kán síbi oríkèé. Adédèjì, olórí ẹgbẹ́ wa, gbé e sókè, ó mi orí.

"Ìkórè ń bọ̀," ó ní. "Ẹni tó bá fẹ́ fọn, kó mú tirẹ̀ wá. Ṣọ́ọ̀ṣì ò lówó."

George ní òun á yáa lọ sídìí tròmpẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n òun.

"Ìyá Ògo ńkọ́?" ni ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn. "Kó wá máa bá wa gba owó ìdáwó!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Eré ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo jókòó ti ọmọ mi, mo ń rò ó pé bí wọ́n bá gba àga yẹn lọ́wọ́ mi, kí ló kù tí màá máa ṣe lọ́jọ́ Sátidé àti ọjọ́ Ìsinmi? Ògiri ni màá máa wò.

Adédèjì ṣàánú mi, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ra àlòkù.

"Má ra tuntun tí kò wọ́n," ó ní. "Ike náà ni. Àgbà ni kó o wá, èyí tí wọ́n fi igi dúdú ṣe, tí ẹni tó ń fi fèrè jẹun ti lò rí. Bí kò bá dún, má bẹ̀rù. Ó lè jẹ́ pé kòkòrò ló jẹ àwọn tìmùtìmù kéékèèké tó wà lábẹ́ irin rẹ̀, ìyẹn ṣeé pààrọ̀. Igi ni kó o wò. Bí igi bá ti sán, sá. Igi ni ẹ̀mí rẹ̀."

Mo pọn Ògo, mo lọ sí Yankaba, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta gwanjo, ẹrù àlòkù láti òkè òkun. Ọ̀kan yọ kilarinẹ́ẹ̀tì kan jáde láàárín bàtà àti ife.

"Hajiya, wallahi, ojúlówó ni!"

Mo gbé e sójú oòrùn. Ó sán láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ilẹ̀ ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Èyí tó dáa tí mo rí lórí fóònù, owó ilé mi ọdún kan gbáko kò lè rà á.

Bí mo ṣe ń ti ibẹ̀ bọ̀ tó rẹ̀ mí ni Màmá Salome pè mí wọ yàrá rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wọ́ kẹ́ẹ̀sì kékeré kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó nu eruku orí rẹ̀.

"Ìyá Ògo, ìwọ lò ń fọn fèrè. Wo èyí fún mi."

Ó ṣí i. Kilarinẹ́ẹ̀tì ni. Igi dúdú, dúdú kirikiri. Mo mọ ohun tí mò ń wò kí n tó fọwọ́ kàn án.

"Ti ọkọ mi ni," ó ní. "Wo ẹnu rẹ̀ níbí." Ó mú ìka mi, ó fi lé orí ibi tí wọ́n ń gbé sẹ́nu. Ojú eyín méjì ti jẹ ibẹ̀ wọnú. "Eyín ẹ̀ nìyẹn. Ó máa ń deyín mọ́ ọn bí ẹran." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Collins tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ibo Road ń yọ mí lẹ́nu pé kí n ta àwọn nǹkan àtijọ́ inú yàrá mi fóun. Mo wá ní kí n bi ọ́. Bí ó bá ṣì lè dún, mi ò ní tà á láyé. Màá kàn ní kó o máa bá mi fọn ọ́n nígbà míì, kí n gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kú, kí n yáa jẹ́ kó lọ. Òkú kì í gbé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Mo to gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mo fọn ọ́n. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde.

Mo yí i wò lójú fèrèsé. Àwọn tìmùtìmù yẹn ni kòkòrò ti jẹ tán. Igi rẹ̀ le koko. Ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀, ibi tí nǹkan ti họ ọ́, kò wọnú rárá.

Màmá ń wo ẹnu mi bí ẹni tó ń dúró de dókítà.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹnikẹ́ni ò tì mí. Kò sí èṣù kankan nínú yàrá náà. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí mo bá ní ó ń dún, tirẹ̀ náà ni yóò máa jẹ́, èmi á kàn máa tọrọ rẹ̀. Bí Salome bá wá mú un lọ sí Gboko lọ́la ńkọ́? Bí Màmá bá bínú sí mi ńkọ́? Mo fẹ́ ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò lè gbà lọ́wọ́ mi.

Mo fi èékánná tọ ìlà yẹn. "Màmá," mo ní, "ẹ wò ó. Igi rẹ̀ ti sán."

"Sán?"

"Ó ti sán, mà. Igi ni ẹ̀mí rẹ̀."

"Kò wá ṣeé ṣe?"

"Kò ṣeé ṣe."

Ó wo ìlà náà títí. "Ojú mi ò tiẹ̀ rí i dáadáa," ó ní. "Ṣùgbọ́n ìwọ lo kàwé. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Mo ní kó fún mi, pé irin rẹ̀ lè wúlò fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fi owó tí kò tó ra ẹ̀wà mudu mẹ́ta sí i lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ó wá gbà á. Nígbà tó yá, ọyẹ́ dé, ó fi owó yẹn gan-an ra fìlà òtútù fún Ògo. Pupa ni, ó ní bọ́ọ̀lù kékeré lórí.

Adédèjì ló tún fèrè náà ṣe. Nígbà tó kọ́kọ́ rí i, ó súfèé.

"Níbo lo ti rí èyí?"

"Lọ́wọ́ mai gwanjo kan ní Yankaba."

"Haba! Ẹni tó ta èyí, bí kò bá tíì sunkún, ó ń bọ̀ wá sun ún."

Mo ní kó bá mi gé rọ́bà pẹlẹbẹ lára túúbù inú táyà kẹ̀kẹ́, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ẹnu fèrè kí eyín mi má bàa máa yọ̀. Àwọn afọnfèrè máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ohun tí mò ń bò.

Ó dún. Á à, ó dún! Ohùn tó jáde láti inú igi yẹn, ó dà bí ẹni pé ẹnì kan ti ń dúró sínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Níbo ni mo ti lè fọn ọ́n? Kì í ṣe nílé. Mo máa ń wé e sínú aṣọ ìpọnmọ, màá ní mò ń lọ sọ́jà, màá lọ sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, èmi nìkan, màá ti ilẹ̀kùn. Bí mo bá dé, Màmá á ní, "Ọjà ò kún lónìí? Apá rẹ ṣófo." Màá wá nǹkan sọ. Nígbà tó yá, mi ò jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ mọ́, torí mi ò lè gbójú sókè wò ó.

Ohun tó wá burú jù ni pé Màmá dẹ́kun orin yẹn. Ògo á ké lẹ́yìn rẹ̀, á kàn máa gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́.

"Màmá, ẹ ò kùn orin ilẹ̀kùn fún Ògo mọ́?"

"Ilẹ̀kùn wo?" ó ní. Ó ń yí àkàrà, kò wojú mi. "Ẹni tó ń kàn án ti lọ. Ìwọ náà kọ́ lo wò ó?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà kan fún yín. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ohun èlò orin tí ẹlòmíràn ti lò rí kì í déédéé dé iwájú pẹpẹ. Bàbá Àpọ́sítélì Ọlọ́runṣògo máa ń ní, "A ò mọ ilé ọtí tó ti ń ké bọ̀." Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ dì í mú níwájú ìjọ, kó ní, "Mo yọwọ́." Bí a ò bá rí onítọ̀hún, ẹbí ẹni tó rà á ni yóò jáde wá dì í mú, tí yóò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ́rùn. Lẹ́yìn náà la ó tó gbàdúrà sí i.

"Ẹni tó tà á fún ọ dà?" ni Bàbá bi mí.

"Bàbá, ó ti rìnrìn àjò."

"Ẹbí rẹ ńkọ́?"

"Mi ò ní ẹbí ní Kánò, sà."

"Ọlọ́run á pèsè."

Èmi fúnra mi ni mo pèsè. Mo bẹ Charity tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin kó dúró fún mi bí ẹ̀gbọ́n. "No wahala," ó ní. "Ṣé kí n wé gèlè ńlá?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo gbé Ògo fún Màmá Salome. Ikọ́ ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tirẹ̀. Mo ní ìpàdé kékeré kan ni mò ń lọ.

Mo dúró níwájú pẹpẹ nínú aṣọ funfun mi, láì wọ bàtà, fèrè náà lórí àtẹ́lẹwọ́ mi. Bàbá Àpọ́sítélì kọjú sí ìjọ.

"Ta ni ẹbí arábìnrin yìí? Kó jáde wá!"

Mo wo Charity. Kò dìde. Ó ṣẹ́jú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fi ẹ̀bùn pamọ́.

"Èmi rèé o!" ni ohùn kan wí láti ẹnu ọ̀nà. "Èmi ni ìyá rẹ̀ ní Kánò!"

Màmá Salome ni. Ó ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí àwa ti ń ṣe. Aṣọ tó fi ń lọ síbi ìgbéyàwó ló wọ̀. Ògo wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú fìlà pupa. Ìjọ pàtẹ́wọ́, wọ́n kígbe Halelúyà. Charity ló lọ sọ fún un lẹ́nu géètì pé mi ò ní ẹnìkankan tó máa dúró tì mí.

Bó ṣe ń kọjá lára mi, ó fà mí létí díẹ̀. "Ìwọ yìí," ó ní, ó ń wúkọ́, "o ò lè sọ fún mi? Ṣé mo kú ni?"

Bàbá gba fèrè náà lọ́wọ́ mi, ó fi lé e lọ́wọ́. "Ẹ dì í mú, Màmá."

Ó dì í mú. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín sí ìjọ. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń pa á lára bí ẹni ń nu nǹkan, ó gòkè, ó gòkè, ó dé ibi tí rọ́bà wà. Ó dúró. Ó fi èékánná tọ etí rọ́bà náà, ó ṣí i kúrò. Ó ki ìka bọ ojú eyín méjì yẹn.

Ẹ̀rín rẹ̀ lọ.

"Ó ń dún?" ó bi mí. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, èmi nìkan ló gbọ́.

Mo wo rọ́bà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dùnsìn." Kò pe orúkọ mi rí. Ìyá Ògo ló máa ń pè mí. "Mo ní, ṣé ó ń dún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Màmá, ẹ sọ̀rọ̀ sókè kí ìjọ gbọ́," ni Bàbá Àpọ́sítélì wí.

"Mo ní kó fọn ọ́n fún mi ni," ó ní. "Kó fọn ti ọkọ mi."

"Ọkọ wo?"

"Ọkọ mi tó ni fèrè yìí."

Adédèjì dìde lórí àga rẹ̀. "Ìyá Ògo," ó ní, "ṣé kì í ṣe Yankaba lo sọ fún mi?"

Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Mo sọ ti ìlà yẹn, mo sọ pé igi kankan ò sán. Mo gbọ́ tí obìnrin kan pòṣé lẹ́yìn mi: "Ẹni tó ń bá a pọn ọmọ! Ẹ gbà mí o!" Charity fọwọ́ bo ẹnu.

Bàbá Àpọ́sítélì kò bú mi. Màmá ló kọjú sí. "Màmá, ọ̀rọ̀ dọwọ́ yín. Ṣé ẹ yọwọ́?"

Ó gbé fèrè náà sábẹ́ apá. Ó tú ọ̀já, ó sọ Ògo kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó nà án sí mi.

"Gba ọmọ rẹ."

Lẹ́yìn náà ló wá dá Bàbá lóhùn. "Mi ò yọwọ́."

Ó jáde lọ láì wọ bàtà. Ó gbàgbé rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni mo gbé bàtà náà délé, mo pọn ọmọ, gbogbo Niger Street ń wò mí. Mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàtà ti wọlé.

Adédèjì ní kí n sinmi ná. Mo sọ fún ọkọ mi lórí fóònù, ó ní, "Nítorí fèrè lásán? Bẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ parí." Bí ẹni pé mi ò tíì bẹ̀bẹ̀. Mo ti kúnlẹ̀ sídìí ilẹ̀kùn yẹn títí orúnkún mi fi bó. Mo ti fi gaàrí ránṣẹ́, ó dá a padà.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ó ti sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn, lẹ́nu ara rẹ̀, pé bí ó bá ń dún, kí n máa wá fọn ọ́n. Mo ti ní fèrè, mo ti ní ìyá. Ẹ̀rù pé wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ mi ni mo fi jí ohun tí wọ́n ti fún mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́mọbìnrin tí ẹ wà lájò, tí ẹ̀rù ń bà bíi tèmi, ẹ má fi ẹ̀rù ṣe olùdámọ̀ràn.

Ògo ò mọ ìjà. Láràárọ̀, á rákòó kọjá ọ̀nà, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀kùn Màmá. Ilẹ̀kùn á ṣí díẹ̀. Ọwọ́ kan á jáde, á gbé e wọlé, ilẹ̀kùn á sì padé. Ọwọ́ yẹn nìkan ni mò ń rí nínú Màmá Salome.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìkórè tí mi ò fọn níbẹ̀, mo ń ká aṣọ lórí okùn ní ìrọ̀lẹ́. Mo rí kẹ́ẹ̀sì yẹn lórí bẹ́ǹṣì tó wà níta yàrá rẹ̀. Ògo wà nínú ilé lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Fọn ọ́n," ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Má wọlé."

Mo to oríkèé rẹ̀ sódì, mo tún un tò. Rọ́bà kò sí lórí rẹ̀ mọ́. Eyín mi bọ́ sínú ojú eyín ọkọ rẹ̀. Mo dúró síta bí òun náà ṣe máa ń dúró, mo sì fọn orin ilẹ̀kùn, bí mo ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu Màmá láti ìgbà tí mo ti bímọ.

Mo parí rẹ̀. Ilẹ̀kùn ò ṣí.

Mo dúró. Mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ tí Ògo ń rẹ́rìn-ín. Mo ti fẹ́ máa tú fèrè náà padà sínú kẹ́ẹ̀sì nígbà tí ohùn yẹn tún wá, ó sún mọ́ ilẹ̀kùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Ìparí yẹn ń sáré. Kì í sáré. Ó ti máa ń rẹ ọkọ mi nígbà yẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Tún un fọn."

Mo tún un fọn.